Afìwéhábíyá

Afìwéhábíyá ni ọkùnrin tó ń fi magasíìnì òyìnbó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lójú gbogbo ayé. Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, kò sí ibi tí kò sí, pàápàá níbi tí èrò bá ti ń tò. Time ló fẹ́ràn jù. Á ká a róbótó, á há a sábíyá, ṣùgbọ́n kò ní ká a débi tí orúkọ ìwé náà yóò fi pamọ́. Ààrẹ tí àwòrán rẹ̀ wà níwájú ìwé lè ti kúrò lórí oyè tipẹ́; ìyẹn ò kàn án.

Kì í ra tuntun. Láàárọ̀, ó wà láàárín àwọn akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń pagbo yí tábìlì oníwèé ìròyìn ká. Bí owó oṣù bá wọlé, á lọ síbi ìwé àlòkù ní Yábàá, á yan èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, torí ó gbà pé lẹ́tà wínníwínní ni Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ ń gbé.

Kì í kàwé tán. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣà bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi, àfi pé gígùn ló ń wò, kì í wo adùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé àjákọ kan. Nínú Reader's Digest, ojú ewé ìdánwò ọ̀rọ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti 1945, nìkan ló ń ṣí. Á kọ́kọ́ wo ìdáhùn, á wá fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Bí magasíìnì bá sú u, ó di ìwé James Hadley Chase. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí àwọn jàǹdùkú Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀, òun náà ló sì fi ń bá akọ̀wé báńkì sọ̀rọ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni Chase. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí ní 1906, René Raymond lorúkọ rẹ̀. Máàpù àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta Amẹ́ríkà ló tẹ́ síwájú tó fi ń kọ ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Nínú dáńfó ni Gẹ̀ẹ́sì yìí ti ń jáde jù. Á sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó gùn bí ó bá ń béèrè owó ọkọ̀, kọndọ́ á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o.”

Ọ̀nà mìíràn wà láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Michael West, olùkọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀ngál, tún ìtàn kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tuntun há àárín àwọn tí wọ́n ti mọ̀. Ní 1953, ó gbé àkójọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tó wúlò jù jáde. Ẹni tó bá ń ka ohun tó yé e, tó sì ń kà á dópin, á máa mọ̀ sí i láìfura. Ìwé ọmọdé ni Afìwéhábíyá ń pe irú èyí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn Pacesetters ni tirẹ̀. Bó ti ń parí ọ̀kan ló ń yá òmíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Òun ló wá ń kọ lẹ́tà bàbá rẹ̀ sí onílé. Bàbá á kà á lẹ́ẹ̀kan, yóò yé e látòkè délẹ̀, ìyẹn á sì bà á nínú jẹ́. Á ṣí ìwé àjákọ, á fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún un, á wá buwọ́ lù ú.