Ìjàpá Tẹríba, Ó Di Aṣojú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Nígbà náà, Òkèhò Àhoro ṣì wà láàárín àwọn òkè, ará ìlú kò tíì ṣí wá síbi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní 1917. Ìṣèlú ni Ìjàpá ń ṣe jẹun. Ó gba owó kànga lọ́wọ́ ìlú. Kànga tó gbẹ́, adìyẹ ń bọ́ sínú rẹ̀ ó ń jáde. Nígbà tí ìbò tún dé, Yánníbo gan-an kò dìbò fún un.

Ṣé olóṣèlú tó fìdí rẹmi a máa jókòó jẹ́ẹ́ ni? Kìnnìún ọba ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe aṣojú wa lọ́dọ̀ àwọn ará Odò Ògùn kí etí wa lè sinmi." Ìlú mọ́kànlá ló para pọ̀ di Òkèhò, nítorí náà ìjòyè mọ́kànlá ló jókòó lábẹ́ igi ọdán láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀bọ bi í pé, "Ìjàpá, kànga dà?" Ìjàpá ò fèsì, ó fa orí wọnú ìkarahun. Ehoro kígbe, "Ó ti tẹríba!" Ni wọ́n bá figbe orin ta:

Kànga dà, Ìjàpá?
*Tẹríba, máa lọ!*
Owó dà, Ìjàpá?
*Tẹríba, máa lọ!*
Ilé ò gbà ọ́ mọ́ o.
*Tẹríba, máa lọ!*

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábújá mọ irú orin yìí dáadáa; wọ́n a máa ní kí àwọn kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò tẹríba, kí wọ́n máa lọ láìdáhùn ìbéèrè. Ọmọ èèyàn náà a máa ti ipò òṣèlú bọ́ sí ipò aṣojú bíi ti Ìjàpá: Taofeek Arapaja ṣe igbákejì gómìnà Ọ̀yọ́ kó tó ṣojú Nàìjíríà ní Jọ́dáànì. Ṣùgbọ́n ti ẹranko ni mò ń pa ní tèmi.

Ọ̀nì, ará Odò Ògùn, pa àgùntàn Òkèhò tó lọ mumi. Ìlú ránṣẹ́ sí aṣojú. Ó tún agbádá ṣe, ó húkọ́, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ń kọ wá lóminú gidigidi." Ọ̀rá ń kán létè rẹ̀; itan àgùntàn náà ni Ọ̀nì fi ṣe é lálejò.

Nígbà tó yá, Kìnnìún pe gbogbo aṣojú padà sílé, bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ṣe ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ó lé lọ́dún méjì tí Òkèhò kò rán ẹlòmíràn. Àgùntàn tí Ọ̀nì ń pa kò lé, kò dín.

Ìjàpá ní "Ọlọ́lá Jùlọ" ni kí Yánníbo máa pe òun. Ó ti tún ń lẹ fọ́tò mọ́ igi ọdán: "Ẹ dìbò fún ẹni tó ti rìn jìnnà. Kànga ń bọ̀."