Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Gẹṣin ní Ohio

Kí n tó ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ẹṣin, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ẹnu mi sọ nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé ẹnu náà ló kó mi sí i. Ọmọ Oníkòyí ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi kì í jẹ́ kí a jẹun alẹ́ tán láìrán wa létí pé ìran Ẹ̀ṣọ́ ni wá, àwọn tí wọ́n ń gẹṣin jagun fún Aláàfin nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró, àwọn tí a kì í bá ọgbẹ́ ọfà lẹ́yìn wọn nítorí pé iwájú ni wọ́n fi ń pàdé ogun; nígbà tó bá sì sọ ọ́ tán, yóò na ọ̀pá rẹ̀ sí àwòrán kan lára ògiri, níbi tí èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti jókòó lórí ẹṣin, tí mo fajú ro bí ẹni tí ogun ń dúró dè. Etíkun Bar Beach ní Èkó ni a ti ya àwòrán ọ̀hún ní 1974. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mo lò lórí ẹṣin náà, ẹni tó ni ín kò sì jọ̀wọ́ okùn rẹ̀ nígbà kankan. Bí ẹ bá wo igun àwòrán náà dáadáa, ẹ ó rí ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti di okùn mú. Láti ọjọ́ náà títí mo fi di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, n kò tún fi ìdí kan gàárì mọ́.

Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó. Bí a bá wa mọ́tò láti ibẹ̀ lọ sí apá àríwá, kò tó wákàtí kan tí a ó fi dé ìlú Delaware, níbi tí wọ́n ti ń sá eré-ìje tí wọ́n ń pè ní Little Brown Jug lọ́dọọdún láti 1946. Ẹnikẹ́ni kì í gun ẹṣin nínú eré yìí; kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹni tó ń darí rẹ̀ á jókòó síbẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọba tó ń gbatẹ́gùn, ẹṣin á sì máa fà á lọ bí ẹ̀fúùfù. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan ló mú mi lọ wò ó, òun náà ló sì sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ẹṣin wọ̀nyí bá fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ wọn a ṣì ní ju ọdún mẹ́wàá lọ láti lò láyé. Pé àwọn Amish, tí kì í wa mọ́tò, a máa ra púpọ̀ nínú wọn láti fi fa kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà. Pé àwọn yòókù a máa wá ẹni tí yóò gbà wọ́n, tí yóò tún wọn kọ́, kí wọ́n lè di ẹṣin gígùn. Mo dá a lóhùn pé ẹṣin kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́, pé bí wọ́n bá ti bí wa báyìí, gàárì ni wọ́n fi ń tẹ́ ibùsùn fún wa. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Kí oṣù méjì tó pé, mo ti di ẹlẹ́ṣin.

Ẹṣin náà pupa bí obì, gọ̀gọ̀ rẹ̀ dúdú, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ gùn, kò sì wọ̀ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó ti máa ń wo ènìyàn láti òkè wá bí ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ ti sú, Baálẹ̀ ni mo sọ ọ́. Nígbà tí mo gbé gọ̀gọ̀ rẹ̀ sókè ní apá ọ̀tún ọrùn, mo rí irun funfun tó tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sójú kan, tí n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n bí Baálẹ̀, irin tó tutù rinrin ni wọ́n ṣì máa ń fi tẹ̀ ẹ́ sí wọn lára, irun ibẹ̀ á funfun, àmì ọ̀hún ni wọ́n sì fi ń dá olúkúlùkù wọn mọ̀ nínú ìwé ìran. Ẹṣin tó kọlà! Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí i.

Ìyá òyìnbó kan, àgbàlagbà, tí mo ń pè ní Màmá, ló ni ọgbà tí mo fi í sí, òun ló sì kì í fún mi. Ó ní Standardbred ni orúkọ ìran wọn, nítorí pé ní 1879 ni wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé ẹṣin tí yóò bá wọ ìwé ìran náà gbọ́dọ̀ lè sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Ó ní ọmọ Hambletonian ni Baálẹ̀, bí ó ti jẹ́ pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn lónìí ló jẹ́ ọmọ Hambletonian, akọ ẹṣin tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ New York ní 1849, tí àgbẹ̀ kan fi dọ́là 125 ra òun àti ìyá rẹ̀ pọ̀, tó sì bí ọmọ 1,331 kó tó kú. Èmi náà kì tèmi. Kí n má purọ́, tirẹ̀ ní ọdún, ó ní iye owó, ó ní iye ọmọ. Tèmi kò ní ju ẹnu bàbá àgbà lọ. Nígbà tí Màmá sì wá bi mí bóyá mo ti gẹṣin rí, dípò kí n ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", oríkì ni mo tún kì, mo kì í dé ìdí, mo gbé ọwọ́ sókè, mo fẹsẹ̀ kilẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ohùn mi wọ̀ ọ́ lára, ó ní kò burú. Ó kàn kìlọ̀ fún mi pé kí n má tíì gun Baálẹ̀, pé oṣù méjì ni a ó fi máa rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn ná.

Ìyàwó mi kò gba oríkì gbọ́. "Bàbá Bọ́lá," ó wí, "ẹṣin tí wọn ò gùn rí, àti ẹni tí ò gẹṣin rí. Ta ni yóò kọ́ ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Mo ní kí Ìyá Bọ́lá gbé fóònù, kó wá ya àwòrán.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nígbà tí Màmá gbé ọkọ̀ lọ ra koríko. Kẹ̀ǹbẹ̀ ni mo wọ̀, èyí tí wọ́n rán fún mi láti Ìṣẹ́yìn, nítorí kí àwòrán lè dùn ún wò nílé. Akoto nìkan ni ohun ọlọ́gbọ́n tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Bọ́lá ló sì fi tipátipá dé e mọ́ mi lórí. Mo di gàárì, mo gun àpótí, mo gba orí àpótí gun Baálẹ̀. Ó yí ọrùn padà, ó wò mí. Ìbojú ni wọ́n ti máa ń fi bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì tíì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wẹ̀yìn nìyí, ọkùnrin kan tó wọ kẹ̀ǹbẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

A yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, apá ọ̀tún wa ló kọjú sí àárín, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí àgbà tó ń ti ìpàdé bọ̀. Mo ti ń gbọ́ ìlù nínú orí mi. Nígbà náà ni Ìyá Bọ́lá pariwo pé òòrùn wà lẹ́yìn mi, pé ojú mi dúdú nínú àwòrán, kí n yí padà. Mo yí i sí òsì.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní pápá eré wọn, bí ẹṣin bá ń na ara lásán, wọ́n a máa mú un lọ lódì sí ibi tí eré ń gbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí orí rẹ̀ padà, tí apá òsì rẹ̀ wá kọjú sí àárín, iṣẹ́ dé nìyẹn, kó máa sá. Etí Baálẹ̀ nà. Ara rẹ̀ le lábẹ́ mi bí okùn tí wọ́n fà. Mo fa ìjánu kó lè dúró, ohun kejì tí n kò mọ̀ sì nìyí: níbi eré kẹ̀kẹ́, wọ́n a máa di ìjánu mú gírígírí, ẹṣin á fi ẹnu tì í, á sì máa ti ibẹ̀ rí agbára sá, ìgbà tí ọwọ́ bá dẹ̀ ni ó ń mọ̀ pé iṣẹ́ parí. Bí mo ti ń fà á ni ó ń le sí i, bí ó ti ń le sí i ni mo ń fà á. Kò fò bí ẹṣin inú sinimá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kó tó gbé ẹsẹ̀ òsì méjèèjì, tó fi jẹ́ pé mo ń fì lọ fì bọ̀ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lójú ọ̀sà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Sweden sọ ní 2012 pé àbùdá kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ẹṣin ní agbára ìrìn bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Kẹ̀ǹbẹ̀ mi gba atẹ́gùn sínú, ó wú, ó ń pariwo pà-pà-pà létí rẹ̀.

Nígbà náà ni Màmá gbé ọkọ̀ koríko gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Láti 1946 tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stephen Phillips ti gbé e jáde ní New York, mọ́tò ni wọ́n fi ń dá eré wọn sílẹ̀: mọ́tò á na apá méjì gbọọrọ jáde bí ẹyẹ, àwọn ẹṣin á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn á fi imú tì í, á máa mú wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá dé ojú ìlà, á sá kúrò lọ́nà, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹṣin irú Baálẹ̀ mọ̀ láyé tó ìdí mọ́tò. Ó rí ọkọ̀ náà, ó fi pápá sílẹ̀, ó sá lọ fi imú kan koríko tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tò síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Màmá rí wa nínú dígí, ó rọra wà, ó rò pé mo fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Mo pariwo. Ó gbọ́ ariwo, ó rò pé òun wà lọ́nà wa, ọmọlúàbí sì ni, ó tẹná mọ́ ọkọ̀ kó lè yà fún wa.

Èmi kò tún ní nǹkan sọ nípa eré náà, àfi pé nígbà tí ọkọ̀ yà sósì níwájú ilé ẹṣin, Baálẹ̀ yà sósì, èmi kò yà. Òkìtì ìgbẹ́ ẹṣin ló gbà mí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn; mo wo ẹ̀yìn, Ìyá Bọ́lá ni mo rí, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ṣe tú ká ní Òṣogbo ní 1840, àwọn ṣì rí ẹni sọ pé ogun ni. Èmi ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tí a kì í bá ọgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń jókòó lórí ìrọ̀rí ní ọ́fíìsì, ibi tí ọgbẹ́ mi wà kò sì ṣeé fi han àlejò.

Màmá kò bínú. Ó ní gbogbo ohun tí Baálẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, ìgbọràn ni. Ó gba gàárì lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní okùn gígùn méjì, ó ní kí n máa rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn ni ẹṣin náà gbọ́ jù, nítorí náà èdè tèmi ni mo fi kọ́ ọ: "Ó yá" fún kó máa lọ, "Dúró" fún kó dúró, bí ó bá sì ti dúró kí n dẹ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan ikùn rẹ̀ rí. Nígbà tí mo padà gùn ún, mo ní láti máa sọ "Ó yá" kí n tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, títí ẹsẹ̀ nìkan fi tó. Èyí tó ṣòro jù ni irú eré kan tí ẹṣin ń sá, tí iwájú rẹ̀ ń gòkè tí ẹ̀yìn ń tẹ̀lé e bí ìgbì òkun. Ẹni tó ń gẹṣin fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi eré kẹ̀kẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni; ẹṣin tó bá ṣèèṣì bọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn títí yóò fi padà sí ìrìn rẹ̀. Orí òkè kékeré kan ni Baálẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe é fún mi, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré. Ó dá ara rẹ̀ dúró, ó sì yí ọrùn padà wò mí bí ọmọ tó fọ́ àwo nílé onílé. Mo fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe. Ó lé ní oṣù kan kó tó gbà pé n kò dẹ pàkúté fún òun.

Ibi tí mo ti rò pé mo ti gbọ́n ni mo tún ti gọ̀. Ìgbà ìrúwé ni, a ń rìn létí oko àgbàdo, fóònù mi dún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni láti Ìbàdàn, mo sì gbé e kí ohùn rẹ̀ lè jáde sí gbangba. A sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Ó yá o, kí o máa kí ìyàwó." Baálẹ̀ gbọ́ "Ó yá." Ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Mo kígbe, "Dúró!"

"Àkànní," ẹ̀gbọ́n mi wí, "èmi ni o ń sọ 'dúró' fún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, kì í ṣe ẹ̀yin!" Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò gbọ́ "Ẹ dúró" rí, n kò kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀. "Baálẹ̀ ni mò ń bá wí!"

"Baálẹ̀ ni o ń sọ 'dúró' fún? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lókè òkun nìyẹn? Ó yá, gbé fóònù fún Baálẹ̀, kí n bá ọ tọrọ àforíjì. Ó yá! Ó yá, mo ní!"

A dé ẹnu ọ̀nà ilé kẹta kó tó rẹ ẹ̀gbọ́n mi láti bínú. N kò ṣubú lọ́jọ́ náà; gọ̀gọ̀ ni mo fi gbogbo ara dì mọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gẹṣin, Màmá a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, okùn Baálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ilé ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ àwòrán tí wọn yóò kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára ògiri. Ìyá Bọ́lá ya á dáadáa, òòrùn kò sí lẹ́yìn mi, ojú mi hàn, mo fajú ro bó ti yẹ. Mo gé ọwọ́ Màmá àti okùn náà kúrò nínú rẹ̀ kí n tó fi í ránṣẹ́.