Orógbó Ẹ̀yìn Kànga

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Lánàá ni mo bá Ìyá Ìbejì lẹ́yìn kànga, tó ń gún orógbó, tó ń pò ó mómi. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ikọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ bọ Ṣàngó?" Ẹ sáà mọ̀ pé obì kọ́ ni Ṣàngó ń gbà, orógbó ni tirẹ̀. Ó ní ojú ni, òun fẹ́ kán an sójú. Yéè!

Ó ní wọ́n ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà fi orógbó ṣe oògùn ojú. Irọ́ kọ́ o. Ní 2010 ni wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde: omi orógbó ìdá 0.5 nínú 100, wọ́n kán an fún àwọn tí omi inú ojú wọn ń fún ojú pa, èyí tí dókítà ń pè ní glaucoma, wọ́n fi wé oògùn timolol, ojú sì rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìdí-Àràbà nìyẹn o! Ẹ̀yìn kànga Ìtamágà níbí, adìyẹ ti yà sínú abọ́ náà kí n tó dé. Mo dà á nù.

Bí àwọn èèyàn ṣe ṣe ní 2014 náà nìyẹn, nígbà tí Ebola wọ Èkó. Orógbó wọ́n bí ojú! Àwọn kan tún ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru. Kí ló fa ti orógbó? Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu ló sọ ní Amẹ́ríkà ní 1999 pé oje orógbó ká Ebola lọ́wọ́ kò. Inú ìgò àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe lára èèyàn.

Àwọn tó ń kiri ojúlé wá ẹni tó fara kan aláìsàn ló lé Ebola lọ, kì í ṣe orógbó. Ogún èèyàn ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú.

Ìlò orógbó tiwa kò ju bíbọ Ṣàngó, ìkómọ, ikọ́, àti ohùn olórin lọ. Àti ti àwọn ọkùnrin, tí wọn kì í pariwo. Látìgbà tí bàbá onílé ti fẹ́ ìyàwó kékeré, orógbó kì í tán lápò wọn. Wọ́n ní ikọ́ ni. Ògiri kan ló là wá láàárín, n ò tíì gbọ́ ikọ́.