Ṣokoléètì Funfun Fẹ́ Pa Mí O!

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkùnrin kan ń pariwo nídìí kéèkì nílùú Ìbàdàn, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀, èmi ni. Ṣokoléètì funfun ló fi ojú mi rí màbo. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọdé ń jẹ kiri o. Èyí tí a ń pò bí amọ̀, tí a ń tẹ́ pẹrẹsẹ bo kéèkì, tí a sì ń fọwọ́ mọ di òdòdó, ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè rí i pé ìyà tó ń jẹ mí kì í ṣe kékeré. A ó yọ́ ṣokoléètì náà lórí omi gbígbóná, a ó da omi ṣúgà glúkóòsì tó ki sí i, a ó rọra rò ó pọ̀, a ó wé e sínú ọ̀rá, a ó wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè sinmi. Kó sinmi! Òun ń sinmi, èmi tí mo fi owó rà á kò fojú ba oorun! Bí mo bá rò ó jù, òróró inú rẹ̀ á tú jáde. Bí mi ò bá rò ó tó, á ṣe kókó. Bí iná bá le díẹ̀ báyìí, ó ti jó, torí wàrà àti ṣúgà inú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Bí ẹ̀kán omi kan bá ta sí i níbi tó ti ń yọ́, ó dì gbagidi nìyẹn, ó parí! Ẹ wá bá mi bi í o: omi ṣúgà tí a dà sí i ńkọ́, ṣé omi kọ́ ló wà nínú ìyẹn ni? Àwọ̀ tí a fi ń kun fọ́ńdántì, ìyẹn ṣúgà pípò tí a fi ń bo kéèkì, pàápàá, bó bá ti jẹ́ olómi, ṣokoléètì yìí kò gbà á. Àfi àwọ̀ olóròóró, tó wọ́n ju ìyẹn lọ!

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ wa ni. Òróró kòkó ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wàrà àti ṣúgà. Kòkó yìí kan náà ni wọ́n ń gbìn ní Oǹdó àti Iléṣà, owó rẹ̀ náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó tó parí ní Dùgbẹ̀ lọ́dún 1965. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kòkó lọ sí ìlú òyìnbó, ó padà wálé ní funfun, ó di olówó gọbọi, oòrùn tó mú un gbó lórí igi ló wá ń sá fún! Èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àdín ni wọ́n fi rọ́pò òróró kòkó inú rẹ̀. Àdín! Èyí tí ìyá mi fi ń para!

Ẹ tún wo ọgbọ́n àyínìke tí wọ́n dá sí mi. Òróró kòkó a máa yọ́ bí ooru bá ti tó ìwọ̀n 34. Ọ̀sán Ìbàdàn nínú Oṣù Kẹta a máa tó bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn alààyè, 37! Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún mi ló ń bá mi ṣọ̀tá! Mo mọ ewé òdòdó kan tán, ìlà ìka mi hàn lórí rẹ̀ ketekete; bí ọlọ́pàá bá ń wá mi, kí wọ́n kàn wá wo kéèkì. Wọ́n ní kí n máa fi ọwọ́ bọ omi tútù. Omi tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kàn án! Wọ́n ní kí n pò ó mọ́ fọ́ńdántì ní ìlàjì-ìlàjì kó lè le. Ìyá ìyàwó tó gbé iṣẹ́ kéèkì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún mi ní owó ṣokoléètì lòun san, òun ò san ti fọ́ńdántì.

Ìyá ìyàwó yìí fi fọ́tò kan hàn mí: “Bùrọ̀dá oníkéèkì, bó ṣe rí yìí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ẹ o.” Mo wo fọ́tò, yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé! Mo ní, “Ẹ̀yin mà, ibi òtútù lèyí.” Wọ́n ní ṣé mi ò mọṣẹ́ ni. Ni mo bá ṣe é, ni àwọn oníná bá mú iná lọ, ni jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ni mo bá gbé e nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dé òde, ni wọ́n bá ní abẹ́ kánópì ní ìta gbangba ni tábìlì kéèkì wà, ni oní-fídíò bá tan iná ńlá sí i, ni alága ìdúró bá ń tọrọ owó fún bíi wákàtí méjì, ni òdòdó mi bá ń tẹrí ba lọ́kọ̀ọ̀kan, ni àǹtí kan tó wé gèlè gàgàrà bá fi ìka gún ẹ̀gbẹ́ kéèkì, tó ja ewé òdòdó kan, tó jù ú sẹ́nu, tó wá yíjú sí mi pé, “Ó mà ti dùn jù!”

Yéè! Ta ni mo ṣẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: inú ilé tó tutù ni kí ẹ gbé kéèkì sí, ẹ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì so àǹtí yín mọ́ àga. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, búrẹ́dì ni kí ẹ gé lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì kì í yọ́.