Ọ̀gá Àgíríkì, Tẹ̀tẹ̀ Ò Lè Dúró Dè Yín

Ọ̀gá Àgíríkì wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta tiyín máa ń tó oṣù mẹ́ta. Ẹ má bínú.

Èmi ni oníbẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ mọ́kànlá létí títì Àgbádárìgì, láàárín Okókomáíkò sí Ìyànà-Ìbà. Nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, aago mọ́kànlá ti lù. Ẹ bá mi nídìí ẹ̀bà, ẹ ní, "Ṣé kò síṣẹ́ lónìí ni?" Iṣẹ́ ti tán, ọ̀gá! Àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti di tẹ̀tẹ̀ náà nídìí-nídìí, wọ́n ti ń tà á n'Ìyànà-Ìbà kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tiyín.

Ẹ wá fún mi níwèé lórí bí a ṣe ń gbin àgbàdo. Mo dúpẹ́. Ìwé náà nípọn, epo àkàrà ò lu ú.

Ọ̀gá mi, tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe kòkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin la fi ń fà á tu. Èyí tí ẹ kí lọ́jọ́sí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ máa bá. Kòkòrò kan sì wà tó ń ká ewé rẹ̀ mọ́ra bí ẹni ká ẹní, á fi òwú tín-ín-rín rán an pa, á jókòó sínú ilé, á máa jẹ ògiri. Oògùn tí mo ń fọ́n, òrùlé ló ń bà. Kí n tó mọ̀, ewé ti lu bí ajere. Ta ni kí n bi? Ẹni tó ń ta oògùn ni mo bi, ó ta èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Iye ọjọ́ tó yẹ kí n dúró kí n tó gé e fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, kò bá mi sọ ọ́.

Kí ẹ máa wá déédéé kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé gbé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìbẹ̀wò tí Daniel Benor gbé kalẹ̀ wọ àwọn ADP, àwọn àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni irú yín ń dé oko, lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn fúnra wọn á sì tún padà lọ kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, owó báńkì gbẹ, ẹsẹ̀ bá dá. Mo gbọ́ pé àpò ara yín lẹ fi ń wọ mọ́tò báyìí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wá, ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ wọ bàtà rọ́bà. Mo ti mú ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò yẹn sínú ike fún yín, mo sì ń fún un léwé jẹ. Ẹ tètè o, ó ti ń múra àtihu ìyẹ́.

Èmi ni tiyín,
Oníbẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá