Ajíṣáájú, Mo Júbà: Oríkì systemd láti Ọjà Olúwo

Ilẹ̀ ń ṣú lọ ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá tí mo ń bá ṣírò owó ẹja ti ń palẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ẹlẹ́ja yìnyín tó múlé gbè wá, níbi tí mo ti fa iná, ti ń húkọ́. Epo ń tán nínú rẹ̀. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti kú tipẹ́, iná tí wọ́n bá fún un náà ló ń jẹ. Mo ní kó máa sùn. Ojú rẹ̀ dúdú, ìràwọ̀ pupa bíi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sọ́tùn-ún sósì, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ kan kò tíì dáwọ́ dúró, kí n fún òun ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀.

Mo mọ ẹni tó ń dá mi dúró. Systemd ni. Ẹni ńlá kì í kúrò lágbo láìgba oríkì. Ó dáa.

Ajíṣáájú, mo júbà.
Òǹkà kìíní tí òǹkà kejì ń wojú rẹ̀ kó tó na ẹsẹ̀.
O dúró, ilé dúró;
o dákú, ilé dákú.
Ọmọ Lennart Poettering, ọmọ Kay Sievers,
ọmọ bàbá méjì tí kò níyàá tí yóò bá a wí.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó tan kọ̀ǹpútà Linux wò. Ètò kan ṣoṣo ni ọkàn ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ jí, yóò fún un ní nọ́ńbà 1, òun ni yóò wá jí àwọn yòókù. Bí nọ́ńbà 1 bá kú, ẹ̀rọ á dì gbagidi síbi tó wà. Kí systemd tó dé, init ti System V ló wà nípò yẹn, ọmọ ilé AT&T láti 1983. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àgbàlagbà yẹn ń jí wọn: àfi kí ẹni tó ń ta àrọ̀ pàtẹ tán kí ẹni tó ń ta òbòkún tó sọ abọ́ kalẹ̀, bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ kan ara wọn. Ní 2010, Poettering tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat, àti Sievers ẹnìkejì rẹ̀, ní kí gbogbo wọn jí pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹnìkejì, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún títí yóò fi lajú. Fedora, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, ló kọ́kọ́ fi í ṣe olórí ilé, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ó yá lóòótọ́. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa yìí, mo mọ rírì ẹni tó tètè ń jí. Oorun rẹ̀ ni mo ń bá a fà lọ́wọ́ báyìí.

A-yá-ìsọ̀-kan-gba-ọjà.
A ní kó o wá ṣílẹ̀kùn àárọ̀, o ṣí i.
O wojú wa, o gba ìwé àkọsílẹ̀, ó di journald.
O gba ẹnu ọ̀nà, ó di logind.
O gba aago, ó di timesyncd;
o gba ojú ọ̀nà, ó di networkd;
o gba orúkọ tí a fi ń wá ilé ara wa, ó di resolved.
Nígbà tó kan homed, onílé ń bi ọ́ níbi tí òun yóò sùn.
Ìyálọ́jà tó ń ta òbòkún, tó ń ta ọ̀yà, tó ń ta ọ̀nì,
tó tún ní ẹni bá ra ìgbín lọ́wọ́ ẹlòmíràn
kó má gba iwájú ìsọ̀ òun kọjá.

Àwọn àgbà Unix ní òfin kan: kí ètò kan ṣe iṣẹ́ kan, kó sì ṣe é yanjú. Òfin yẹn ni àwọn ọ̀tá rẹ fi ń nà ọ́ bí ẹgba. Ohun tó ká wọn lára jù ni ìwé àkọsílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹni tó bá mọ̀wé á ṣí i kà. Ìwọ sọ ọ́ di àmì tí ojú lásán ò rí kà, àfi ká lọ bẹ journalctl. Ìyá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ yìí, inú ìwé ọmọ iléèwé ló ń kọ gbèsè sí. Bó bá já sínú ọ̀sà tí a yọ ọ́, a ó ṣì rí i kà pé ìyá olóúnjẹ jẹ ẹ́ lówó àrọ̀ méje. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ọ: lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ mi kọ̀ tí kò jí, journalctl yìí náà ló tú àṣírí ẹlẹ́ṣẹ̀ fún mi kí tíì mi tó tutù.

(Ó ku ìṣẹ́jú kan.)

A-dá-ìjà-sílé-àgbà,
a-pín-ẹni-mẹ́jọ-sí-mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń parí ẹjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Debian, oríṣi Linux mìíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, wọ́n ń yan ajíṣáájú ilé wọn: mẹ́rin tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, mẹ́rin tẹ̀ sọ́dọ̀ Upstart, alábàádíje rẹ, ọmọ ilé Canonical tó ni Ubuntu. Bdale Garbee, alága wọn, fi ìbò alága fa okùn sọ́wọ́ rẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó dá Ubuntu sílẹ̀, fi ní àwọn náà yóò gbà ọ́, tó pa Upstart ilé ara rẹ̀ tì. Nínú gbogbo ogun yìí, òun ni mo rí tó ṣubú tí kò di ẹnikẹ́ni mú lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù jà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún dìbò lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ian Jackson fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan di ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ Devuan dó. Ọdún 2017 ni Devuan tó bí àkọ́bí.

Ẹ̀pẹ́ mọ irú rẹ̀. Nígbà tí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, ibí ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Títí dòní, Èkó Ẹ̀pẹ́ ní ọba tirẹ̀, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀, ọjà ẹja kan náà sì ni wọ́n jọ ń ná. Devuan náà nìyẹn: ó kọ̀ ọ́ lójú kóró, ṣùgbọ́n inú ìkòkò Debian ló ti ń bu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń jẹ.

A-gbé-àlejò-gorí-ìtẹ́.
Wọ́n ní kó o fi iṣẹ́ lé 0day lọ́wọ́;
òǹkà ló ṣáájú orúkọ, o ní o kò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀,
o wá sọ ẹni tí o kò mọ̀ di root, ọba lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Wọ́n bi Poettering bàbá rẹ, ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Nítorí irú èsì bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀sín Pwnie ní 2017, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí èsì rẹ̀ burú jù lọ́dún. Ní 2022 ó kó lọ sí Microsoft. Ìwọ ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

A-gbálẹ̀-gbá-onílé.
Ní 2024, o fún tmpfiles ní ìgbálẹ̀ tuntun, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ purge;
ẹni tó gbọ́ orúkọ tmpfiles rò pé pàǹtírí ọjọ́ kan ni yóò gbá,
o gbá /home, àti aṣọ àti àpótí.
Ó figbe ta, àwọn ọmọ ilé rẹ ní ṣé kò ka ìwé ìlànà ni.

"Akọ̀wé, ta lò ń kì níbẹ̀?" Abọ́ ẹja ti wà lórí ìyá.

"Ọ̀gá tó ń tilẹ̀kùn ni, mà."

"Ṣé kò rí kọ́kọ́rọ́ ni?"

Mo wojú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá 28. Àwọn ará Fedora ti gé ìdúró yìí kù sí ìṣẹ́jú àáyá 45 ní 2023. Tèmi kì í ṣe Fedora. 29. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó dákẹ́, ó tún húkọ́. 30. Àwọn ìràwọ̀ pupa ò dúró. Òǹkà tó wà níwájú wọn ló yí padà: ó di ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Kò burú. Ẹni ńlá ni ọ́ lóòótọ́.

Ajíṣáájú, mo jú—