Ojú Ọ̀run Fẹ̀, Ta Ló Ni Igi?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ẹ má bá wọn wí. Nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn, kò tíì sí ẹyẹ tó ń ra igi.

Ó ti wà báyìí. Lọ́dún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà wọ́ Google lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń dá ọjà wíwá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ. Google ní ojú ọ̀run fẹ̀: ẹni tí kò bá fẹ́ òun, kó fi ìka tẹ ẹlòmíràn, ta ló dì í lọ́wọ́ mú? Àfìgbà tí wọ́n tú ìwé owó palẹ̀ níwájú adájọ́. Lọ́dún 2021 nìkan, bílíọ̀nù 26.3 dọ́là ni Google san fáwọn tó ń ṣe fóònù, àwọn tó ni bíráósà àtàwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó lè jẹ́ òun ni ojú oníbàárà máa kọ́kọ́ bá. Lọ́dún 2022, Apple nìkan gba nǹkan bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Google.

Bí ojú ọ̀run bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni Google ń sanwó igi fún? Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì gba ìlú Ọ̀rẹ́ kọjá rí mọ ìdáhùn. Awakọ̀ kì í ṣèèṣì dúró níwájú búkà. Ẹran ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ti wà nínú abọ́ níbẹ̀. Èrò lè rìn lọ sí búkà kejì, kò sẹ́ni tó dè é mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á, bọ́ọ̀sì sì máa tó gbéra.

Adájọ́ Amit Mehta kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n lóṣù kẹjọ 2024: Google ń dá ọjà náà jẹ, ó sì rú òfin kó lè máa dá a jẹ lọ. Ó wá ku ìyà tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́. Ìjọba ní kó ta Chrome, bíráósà rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án 2025, adájọ́ ní rárá; ó ṣì lè máa sanwó, kó ṣáà má sọ pé ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ bà síbẹ̀. Wọ́n mú ẹyẹ pé ó ra gbogbo igi, wọ́n ní kó máa gbà á rẹ́ǹtì.

Yúróòpù bu owó ìtanràn 2.42 bílíọ̀nù yúrò lé Google yìí kan náà lọ́dún 2017, torí pé ó ń gbé ètò ìfiwéra ọjà tirẹ̀ síwájú, ó ń ti tàwọn ẹlòmíràn sẹ́yìn. Ìwádìí yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ẹjọ́ parí ní 2024. Kí ẹjọ́ náà tó parí, ó ti sú wọn, wọ́n ti ṣòfin tuntun fún Google, Amazon, Apple, Meta àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Orúkọ tí òfin náà pè wọ́n, bá a bá túmọ̀ rẹ̀, oníbodè ni. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Oníbodè tiwa láyé àtijọ́ ń gba owó ibodè fún ọba. Tiwọn ń gbà á sápò ara rẹ̀, ó tún pàtẹ sínú ọjà.

Nílé wa ńkọ́? Lóṣù keje 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí Meta tó ni WhatsApp san 220 mílíọ̀nù dọ́là, torí pé WhatsApp ò fún ọmọ Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ tó fún ará Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ àṣírí wọn. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ fọwọ́ sí i lóṣù kẹrin 2025. Meta bá ní ó lè di dandan kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Kò dárúkọ WhatsApp. Àní ẹyẹ tó ń bínú lọ kì í gbàgbé ìtẹ́ tó ti ń yé ẹyin.

Mo bi ìyá aládìrẹ kan ní ọjà Ìtòkú léèrè pé bí Meta bá fò lọ lóòótọ́ ńkọ́, ṣebí ojú ọ̀run fẹ̀.

"Ọmọ mi, ó fẹ̀. Igi tí oníbàárà mi bà lé lèmi ń wò."

Ó gbé fóònù sókè, ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjìji mi ti ń bo aṣọ tó fẹ́ yà.